Ìbọ̀sẹ̀ Bàbá Mi àti Omi Àlùwàlá

Ẹnu mi mú. Wọ́n ti ń sọ ọ́ fún mi láti kékeré, n ò sì jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹnu mi ṣe ní jàǹbá jù láyé, bàbá tó bí mi lọ́mọ ni.

Àwọn ṣójà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba fún alágbádá nígbà náà. Bàbá mi ń tẹ̀wé ní Bajulaiye, ní Ṣómólú. Ní gbogbo àsìkò ìbò, iṣẹ́ àwọn olóṣèlú ò jẹ́ kí bàbá mi sinmi; wọ́n á jókòó ti ẹ̀rọ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ òsì wọn wú dé itan, ó le gbagidi. Àwọn ará àdúgbò ní oògùn ìkà ni bàbá tẹ̀ mọ́lẹ̀. Dókítà ní rárá o, ẹ̀jẹ̀ ló dì sínú iṣan. Wọ́n gba abẹ́rẹ́, wọ́n lo oògùn, ẹsẹ̀ rọlẹ̀. Dókítà wá fún wa ní ìbọ̀sẹ̀ kan tó fún pinpin, tó ga dé orúnkún. Ó ní kí wọ́n máa wọ̀ ọ́ tí wọ́n bá ti jí, kí wọ́n máa bọ́ ọ tí wọ́n bá fẹ́ sùn, fún ọdún méjì gbáko, kí ẹsẹ̀ náà má baà dúdú, kó má baà di egbò.

Dókítà ò béèrè ẹ̀sìn tí a ń ṣe. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ ni bàbá mi ń ṣe àlùwàlá, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fọ ẹsẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ yẹn kì í ṣe ohun tí àgbàlagbà lè dá fà sókè. Èmi ni mò ń kúnlẹ̀. Màá nu ẹsẹ̀ gbẹ, màá da pọ́dà sí i, màá máa fà á díẹ̀díẹ̀ láti gìgísẹ̀, òógùn á bò mí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Fọlá Àgòrò ni mo ti ń ránṣọ. Àwọn oníbàárà á dúró tì mí. Kí n tó jókòó dáadáa, ìrun míì ti tó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ooru mú, iná ò sí, ìyàwó ojú ọ̀nà kan dúró lé mi lórí nítorí aṣọ ẹ̀. Bàbá mi yọjú, ìbọ̀sẹ̀ lọ́wọ́, omi ṣì ń kán lẹ́sẹ̀ wọn. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìbọ̀sẹ̀ yìí nìkan ni mo wá fà láyé ni?" Ẹyin lohùn, ó ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀.

Wọ́n ní, "Má bínú, ìyá mi." Wọ́n padà sí yàrá.

Láti ọjọ́ náà wọn ò pè mí mọ́. Tí mo bá béèrè, wọ́n á ní ẹsẹ̀ ti gbádùn. Ó yẹ kí n ní kí wọ́n ká ṣòkòtò sókè kí n wò ó. Ṣùgbọ́n ara tù mí, mo sì gbà wọ́n gbọ́.

Ìgbà tí mo máa fi rí i, ojúgun ti dúdú, egbò ti yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kókósẹ̀, ó ń ṣomi. Dókítà wò ó títí, ó ní kò ní í jinná bọ̀rọ̀. Wọn ò lè rìn dé mọ́ṣáláṣí mọ́. Orí àga ni wọ́n ti ń kírun.

Àáfà kan ládùúgbò wá kí wọn, mo sì rojọ́ àlùwàlá fún un. Ó yà á lẹ́nu. Ó ní, "Ta ló ní kí wọ́n máa bọ́ ọ? Tí wọ́n bá ti ṣe àlùwàlá àárọ̀ kí wọ́n tó wọ̀ ọ́, ọwọ́ tó tutù fún omi ni wọn ì bá kàn máa fi pa orí ìbọ̀sẹ̀ náà títí di alẹ́, dípò kí wọ́n fọ ẹsẹ̀. Ẹ̀sìn gbà á."

Mo bú sẹ́kún. Nígbà tí àáfà lọ tán, mi ò yéé sọ ọ́ pé àìmọ̀ ló ṣe wá báyìí, àìmọ̀ ni, ká ní a tètè béèrè ni.

Bàbá mi ní, "Mo mọ̀. Ọjọ́ tí o bínú yẹn náà ni mo lọ bi lémọ́ọ̀mù. Ohun tí àáfà sọ yìí náà ló sọ."

Mo ní, "Kí ló wá dé tí ẹ ò wọ̀ ọ́?"

Wọn ò wojú mi. Wọ́n ní, "O ṣì máa ní láti bá mi fà á sókè lẹ́ẹ̀kan láràárọ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ fún ẹ."