Orúkọ Ẹni Tó Jókòó Tì Í

Ìwé ìkọ̀wé kan máa ń wà lábíyá aládùúgbò wa ní Ungwan Boro bó bá ti ń lọ sí pápá bọ́ọ̀lù. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ní iléeṣẹ́ tó ń hun aṣọ. Gbogbo eré tó bá wò ló ń kọ sílẹ̀, títí kan ti àwọn ọmọ iléèwé. Ṣùgbọ́n kì í kọ iye góòlù. Orúkọ ẹni tó jókòó tì í ló ń kọ.

Akọ̀ròyìn ni mí, mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Haba, akọ̀ròyìn! Rédíò á sọ iye góòlù. Ta ló máa sọ ẹni tá a jọ wò ó?"

Nígbà tí bàbá mi kú, mo sọ fún un pé ohun tó ń dùn mí ni pé bàbá mi kò wá wò mí rí nígbà tí mò ń gbá bọ́ọ̀lù fún iléèwé wa. Eré ọ̀lẹ ló ń pe bọ́ọ̀lù.

Aládùúgbò wa wọlé, ó gbé ìwé àtijọ́ kan jáde, ó sì ṣí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo rí orúkọ bàbá mi lábẹ́ eré iléèwé wa. Lábẹ́ èyí tó kẹ́yìn, ó kọ ọ́ pé: "Ó pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há."

Mo rántí ohùn náà. Nílé, bàbá mi ní ọyẹ́ ló fà á.

"Ẹ ò sì sọ fún mi látọjọ́ yìí, Bàbá?"

"Ó ní mi ò gbọdọ̀ sọ. Kò ní kí n má kọ ọ́."

Ní Sátidé, èmi ni mò ń jókòó tì í báyìí. Bí mo bá tún ń dúpẹ́, á ní kí n dákẹ́, kí n wo bọ́ọ̀lù.