Ìpolówó Mọ́ínmọ́ín Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ọjọ́ tí àwọn òyìnbó fi ìpolówó mọ́ínmọ́ín gbàdúrà ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé láyé mi. Mo lọ kí Múfútáù, ọ̀rẹ́ mi láti Alájùẹ l'Ẹ́dẹ, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó fà mí lọ síbi àjọ̀dún orin ìbílẹ̀ kan, a sì ń bá wọn to àga lọ́fẹ̀ẹ́.

Àfi bí wọ́n ṣe pe Múfú sórí ìtàgé pé kó wá kọ orin mímọ́ àwọn baba ńlá rẹ̀. Múfú, tí wọ́n lé nídìí wákà nílé kéú nítorí pé ohùn rẹ̀ ń lé ewúrẹ́! Ó dijú, ó fi ohùn arò bẹ̀rẹ̀: "Mọ́ínmọ́ín rèé o! Ó gbóná fẹlifẹli!"

Ìpolówó ìyá rẹ̀ ni. Àwọn òyìnbó ń gbè é tẹkúntẹkún.

Obìnrin tó ń darí ètò ní kí n túmọ̀ rẹ̀. Múfú yára fi Yorùbá bẹ̀ mí: "Ọ̀rẹ́, má tú mi fó o! Wọ́n fẹ́ fi mí ṣe olùkọ́ orin."

Ọ̀rọ̀ náà rí mi lára, mo sọ òótọ́: "Ó ní oúnjẹ ti jinná, kí ẹni tébi ń pa gbé abọ́ wá."

"Oúnjẹ ọkàn!" ni bàbá arúgbó kan fi igbe ta. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí, wọ́n sì fún Múfú níṣẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, a fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ l'Ẹ́dẹ, a sì pe màmá lórí fóònù.

"Mo ti wò ó," ni màmá wí. "Ẹni mélòó ló rà?"

Nínú gbogbo àwọn tó gbọ́ orin náà lọ́jọ́ yẹn, màmá nìkan ló yé.