Ọjọ́ Tí Mo Ṣe Ògbufọ̀ ní Ilé Búrẹ́dì

Ooru ààrò búrẹ́dì ti jó irun apá mi méjèèjì tán nígbà náà, síbẹ̀ ojoojúmọ́ ni mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé mo ríṣẹ́. Ọ̀fà ni, ní ọ̀nà tó lọ sí Ẹ̀rìn-Ilé. Àjàṣẹ́ ti òdìkejì ẹnubodè, níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé, ni mo ti wá. Àwọn ọmọ ìlú ń di búrẹ́dì sínú ọ̀rá níwájú, níbi tí afẹ́fẹ́ wà. Àwa àjèjì tí wọ́n ń pè ní Kútọnù ló wà lẹ́nu ààrò. Ọ̀gá ti gba káàdì ìdánimọ̀ gbogbo wa, ó ní òun ń bá wa tọ́jú rẹ̀. Ta ló fẹ́ kọjá ẹnubodè láìsí káàdì? Nítorí náà, a kì í lọ síbì kankan. Èmi kò tilẹ̀ kà á sí ẹ̀wọ̀n. Nílé ìwé ìjọ tí mo lọ, wọ́n kọ́ wa pé ìráhùn ló pa àwọn ọmọ Ísírẹ́lì sí aginjù. Àwọn àgbà ilé wa sì máa ń sọ pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Mo gba méjèèjì gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin olùkọ́ kan wá láti ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ó ń ṣèwádìí bí wọ́n ṣe ń ṣe sí àwọn àjèjì níbi iṣẹ́. Ọ̀gá gbé àga fún un, ó sì fa tirẹ̀ tì í. Bàbá Ègùn kan wà láàárín wa tó ń gbọ́ Yorùbá díẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò lè sọ ọ́ dáadáa. Èmi tí mo gbọ́ èdè méjèèjì ni wọ́n ní kí n máa bá a túmọ̀.

"Ẹ bá mi bi Bàbá," ni olùkọ́ náà wí, "ṣé wọ́n ń ya ẹ̀yin àjèjì sọ́tọ̀ níbí?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín sí mi. "Kútọnù, sọ òtítọ́ o! Ọmọ Ọlọ́run kì í parọ́."

Bàbá fi Ègùn dáhùn, kò gbójú sókè. Ó ní ìyá òun wà lórí àìsàn nílé, òun ti bẹ ọ̀gá fún káàdì òun lẹ́ẹ̀mẹta, kí n jọ̀wọ́ sọ fún obìnrin náà. Mo wo ojú ọ̀gá. Mo rántí pé káàdì tèmi náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá ní àwọn dúpẹ́. Wọ́n ní kí Ọlọ́run máa bù kún ọ̀gá."

"Àmín o!" ni ọ̀gá wí. Obìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí àlejò lọ, Bàbá padà sẹ́nu ààrò. "Ọmọ mi," ló wí, "èmi ò dúpẹ́ o." Kí oṣù náà tó parí, ìyá rẹ̀ kú. Wọ́n sin ín láìsí Bàbá níbẹ̀.

Ọdún ti gorí ọdún. Iṣẹ́ búrẹ́dì náà dẹnu kọlẹ̀, ọ̀gá sì dá káàdì wa padà. Kí Bàbá tó wọkọ̀ lọ sílé, ó gbọ́wọ́ lé mi lórí, ó ní òun ti dárí jì mí, pé ẹ̀rù ló bà mí. Ọ̀fà ti wá di ilé fún mi, mo sì ń ka Bíbélì fún ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi. Mo ti dúpẹ́ ohun gbogbo lọ́wọ́ Ọlọ́run, àní títí dórí ààrò yẹn. Ìdáríjì Bàbá nìkan ni n kò tíì mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́ rẹ̀.