Ààlè Méjì Lórí Igi Àyín Kan

Mo rántí ọ̀sán tí kọ̀ǹpútà àlòkù mi gan pa ní Ṣakí, tó da ọ̀rọ̀ funfun bo ojú dúdú bí ẹni tó ń ka ohun tó pa á. Ẹlòmíràn ìbá pa á, kó tún un tàn. Èmi jókòó, mo kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ kánẹ̀lì, ètò tó ń darí gbogbo ètò yòókù nínú ẹ̀rọ, ti wọ̀ mí lẹ́wù. N kò ní olùkọ́. Ọdún méjì ni mo fi wá àṣìṣe tó mú ẹ̀rọ náà gan.

Ọpọlọ méjì ni ẹ̀rọ náà ní, wọ́n sì jọ ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ni. Èyí tó bá fẹ́ lo nǹkan yóò kọ́kọ́ wò ó bóyá ó wà ní títì. Bí kò bá sí ní títì, yóò tì í. Ìwò lọ́tọ̀, títì lọ́tọ̀. Àlàfo bín-ín-tín tó wà láàárín wọn ni ọpọlọ kejì máa ń gbà wọlé: àwọn méjèèjì á wò ó, wọ́n á bá a ní ṣíṣí, àwọn méjèèjì á tì í, ẹ̀rọ á sì gan pa.

Nígbà tí mo rí i, inú mi kò dùn. Igi àyín ni mo rántí.

Ọ̀rọ̀ igi náà ti pẹ́; mo ń parí ilé ìwé girama nígbà náà. Ìjì gbé igi àyín ńlá kan wó sẹ́bàá ọ̀nà oko wa. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi ààlè sí irú igi bẹ́ẹ̀ ló ni ín. Ìyá mi rí i pé kò sí ààlè lórí rẹ̀, wọ́n yà sí ahéré lọ mú ìgbálẹ̀ ògbólógbòó. Ọ̀rẹ́ wọn, ìyá olóòrí tí ilé wa jọ kan ògiri, gba ìhà kejì dé. Àwọn náà kò rí nǹkan kan, wọ́n lọ wá àkísà. Ìyá mi so ìgbálẹ̀ mọ́ ìdí igi. Ìyá olóòrí padà dé, wọn kò tún wò ó mọ́, wọ́n so àkísà mọ́ orí rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ìjà dé.

“Mo wò ó, kò sí ààlè!” ni ìyá mi wí.

“Ojú tèmi fọ́ ni? Èmi náà wò ó!”

Èmi ọlọ́gbọ́n tí mo mọ ìṣirò ju gbogbo kíláàsì lọ, mo dájọ́ lójúde: ẹnì kan ń purọ́, kì í sì í ṣe ìyá mi. Mo pe ìyá olóòrí ní olè igi, àdúgbò sì gbà á lẹ́nu mi.

“Ọkọ mi, ìwọ náà?” ni ìyá olóòrí wí. Mo rẹ́rìn-ín.

Kí ọdún tó yí po, wọ́n ti kó padà sí ilé baba wọn ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Èmi gbọ́ ti ẹni méjì, mo ṣì ṣìkà.

Àtúnṣe kánẹ̀lì náà kò ju ìlà mẹ́ta lọ. Mo so ìwò àti títì pọ̀ di ìṣe kan ṣoṣo, bí ẹni tó mú ààlè dání kó tó yọjú sí igi. Àwọn tó ń bójú tó kánẹ̀lì gbà á, wọ́n kí mi kú iṣẹ́. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, mo dọ̀bálẹ̀, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, pé òtítọ́ ni àwọn àti ìyá mi jọ sọ. Ìyá olóòrí ń po òrí lọ, wọn kò gbójú sókè.

“Ẹ̀rọ ló wá sọ fún ọ pé n kì í ṣe olè? Èmi fi ẹnu ara mi sọ ọ́ fún ọ, ọkọ mi. O rẹ́rìn-ín.”

Títí di òní, ìyá olóòrí àti ìyá mi kì í kí ara wọn. Ní òwúrọ̀ yìí, mo tún dán títì tuntun náà wò ní ìgbà mílíọ̀nù mẹ́rin. Ọpọlọ méjèèjì kò kọlu ara wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.