Ẹni Tí Yóò Dúró fún Abibat

Ní ọdún 1961, lọ́jọ́ tí lẹ́tà náà dé, ẹ̀yìn ilé-ìwé ni Abibat ti kà á, tó fara ti ògiri. Yunifásítì tó wà n'Ìbàdàn ti gbà á wọlé. Inú rẹ̀ dùn títí aago fi lù pé kí àwọn ọmọ wọlé láti ibi eré. Ìyẹn kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tí yóò fi kọ déètì sójú pátákó, ẹ̀rù ti gba ipò ayọ̀, ó sì tẹ ṣọ́ọ̀kì mọ́ pátákó títí ó fi kán.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni. Ìlú Òrù ló ti ń ṣe tíṣà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni. Mùtàlíbù baba rẹ̀, agégi ni. Igi ló wó pa á nínú igbó lẹ́bàá ìlú Mamu nígbà tí Abibat wà ní ìwé kẹfà. Asimawu ìyá rẹ̀ ló fi obì títà rán an dé ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Ìdánwò tó gbé e dé yunifásítì yìí, òun nìkan ló jókòó kàwé rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ṣí ìwé kan, ó ń kọ àwọn ohun tí kò mọ̀ sínú rẹ̀. Ṣé ènìyàn ń gbé ẹní lọ ni, àbí wọ́n ń fúnni ní bẹ́ẹ̀dì? Aṣọ mélòó ló tó? Ṣé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú ọbẹ̀ wọn? Níbo ni wọ́n ti ń kírun? Bí àìsàn bá kì mí mọ́lẹ̀, ta ni yóò gbọ́? Ojú ewé méjì kún, kò sì sí ẹni tí yóò bi. Kò sí obìnrin kan ní àdúgbò wọn tó ti lọ irú ibẹ̀ rí, ojú sì ń tì í láti bi ọ̀gá ilé-ìwé.

Ti owó ló kọ́kọ́ dà bí ẹni pé ó yanjú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́tà mìíràn dé: ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fún un ní sikọ́láṣíìpù, wọn yóò san gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé bọ́ǹdì kan wà nínú rẹ̀. Ó ní kí onílé kan dúró fún un. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fìdí rẹmi tí wọ́n lé e, tàbí tó pa ẹ̀kọ́ tì, tàbí tí kò bá ṣiṣẹ́ fún ìjọba fún ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, onídùúró ni yóò dá gbogbo owó padà, wọ́n sì lè ta ilé rẹ̀ láti fi gbà á. Ilé tí Asimawu ń gbé, ilé ẹbí ni, kò ṣeé fi dúró fún ẹnikẹ́ni.

Mùbàṣírù, àbúrò baba rẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè, ló kọ́kọ́ lọ bá. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dópin kó tó sọ̀rọ̀.

"Ṣé wọ́n máa ń fìdí rẹmi níbẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Àwọn mìíràn máa ń fìdí rẹmi."

"Ó dá ọ lójú pé o ò níí sí lára wọn?"

Abibat tẹjú mọ́ ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ohun tí kò dá ìwọ alára lójú, báwo ni yóò ṣe dá mi lójú? Ọmọ méje ló ń sùn lábẹ́ òrùlé yìí. Ọlọ́run yóò fi ẹlòmíràn ṣe é." Ó fún un lówó ọkọ̀. Kò jágbe, kò bú u; ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ó dun Abibat wọra.

Asimawu ní kó lọ bá Bùsúyì n'Ìbíadé. Opó ni Bùsúyì, ọmọ ìjọ Aládùúrà, ẹja gbígbẹ ló fi kọ́ ilé oníyàrá mẹ́fà. Ó ti tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ti ń wọ̀ sọ́dọ̀ Asimawu bó bá kó ẹja wá tà ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Kò mọ̀wé.

Ọjọ́ Sátidé ni Abibat débẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni ìwé náà gbọ́dọ̀ dé Ìbàdàn. Ó jókòó ti Bùsúyì, ó ń kà á, ó ń túmọ̀ rẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ilé títà, ó fi ìka lé ìlà náà. Ojú Mùbàṣírù ló ń rí. Ojú Abibat fo ìlà náà bọ́ sórí èyí tó tẹ̀ lé e, ẹnu rẹ̀ sì bá ojú lọ.

"Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ?" ni Bùsúyì bi í.

"Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, Màmá."

Bùsúyì ti àtàńpàkò bọ yíǹkì, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé. Ó tún di ẹja mẹ́rin sínú ewé pé kó gbé e fún ìyá rẹ̀.

Ẹja náà wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú lọ́rì, ó gbóná bí ohun tó lẹ́mìí. Abibat ń fi ojú inú wo àwọn ọkùnrin ìjọba tí yóò dé ẹnu ọ̀nà ilé yẹn pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ó ń gbọ́ Bùsúyì tó ń wí pé, "Kò sẹ́ni tó ka èyí fún mi." Ó fi ọwọ́ gbá pákó ọkọ̀.

"Ẹ dúró! Ẹ jẹ́ n sọ̀kalẹ̀!"

"Sìsí, inú igbó la wà o!" ni dírẹ́bà wí.

Ó sọ̀kalẹ̀. Máìlì mẹ́ta ló fẹsẹ̀ rìn padà nínú oòrùn, igbó lọ́tùn-ún, igbó lósì, ó ń bojú wẹ̀yìn sí gbogbo ohun tó bá mi ewé. Nígbà tó débẹ̀, Bùsúyì ń yí ẹja padà lórí iná. Abibat kúnlẹ̀.

"Màmá, ìlà kan wà tí mi ò kà."

Ó kà á. Bùsúyì gbàgbé iná títí ẹja fi bẹ̀rẹ̀ sí í jóná.

"O fẹ́ ta ilé mi lójú mi, kí n sì tún bá ọ tẹ̀ka sí i?"

"Ẹ̀rù ló bà mí, Màmá."

"Ẹ̀rù bà ọ́, lo bá tì mí sínú ohun tí mi ò mọ̀?" Ó na ọwọ́. "Mú ìwé yẹn wá." Ó tì í sábẹ́ ìró rẹ̀. "Máa lọ. Bí mo bá fẹ́ ẹ, n ó wá. Bí mi ò bá wá, má padà wá wò mí."

Láti Mọ́ńdè títí di Wẹsidé, etí Abibat wà lójú títì. Bí lọ́rì bá fọn fèrè, yóò dìde. Ó kọ ọ́ sójú pátákó pé méje lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ mẹ́rìnléláàádọ́ta, gbogbo kíláàsì sì fi igbe tún un ṣe. Nígbà tó sọ ohun tó ṣe fún ìyá rẹ̀, Asimawu kàn ń bó obì lọ.

Ní Tọ́sìdé, bí wọ́n ṣe kírun Alásárì tán ní ilé Asimawu, Bùsúyì wọlé. Ó kí Asimawu. Kò wo ojú Abibat.

"Mo ní kí Zechariah akọ̀wé ìjọ wa kà á fún mi lẹ́ẹ̀mejì," ó ní. "Ó ní kí n fà á ya. Abibat, bí àìsàn bá ṣe ọ́ ńkọ́?"

"Ilé ìwòsàn wà nínú ọgbà wọn, Màmá. Wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà."

"Bí ọkọ bá dé, tó ní o ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ìjọba?"

"Yóò dúró di ọdún márùn-ún, tàbí kó wá ẹlòmíràn fẹ́."

"Bí ìwé ọ̀hún bá wá le jù ọ́ lọ?"

Èyí ni Abibat bẹ̀rù jù. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "N ó sọ fún yín kó tó bàjẹ́. Mi ò níí fi nǹkan kan pamọ́ fún yín mọ́."

Asimawu gbé abọ́ obì sílẹ̀. "Bùsúyì, mi ò nílé, ṣùgbọ́n mo lọ́wọ́ tí mo fi ń ṣiṣẹ́. Bọ́rọ̀ náà bá yíwọ́, a ó jọ san án ni."

Bùsúyì fa ìwé náà yọ. Ó ti rún, ṣùgbọ́n àmì àtàńpàkò rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. "Inú ṣì ń bí mi," ó ní. "Ẹ̀rù sì ń bà mí, má rò pé kò bà mí. Ṣùgbọ́n o ti wọkọ̀ lọ, o tún fẹsẹ̀ rìn padà. Gbà."

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ ní òwúrọ̀ Jímọ̀ ló gbé Abibat lọ. Akọ̀wé tó gba ìwé náà n'Ìbàdàn lu òǹtẹ̀ sí i láìgbójú sókè.

Ní Ọ̀kìtóbà tó wọ yunifásítì, òwúrọ̀ kan péré ló dáhùn ìdajì ohun tó kọ sínú ìwé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì wà, tìmùtìmù wà lórí rẹ̀. Olúrẹ̀mí, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n jọ wà ní yàrá kan, kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi fọ́ọ̀kì jẹun, a sì máa jáde sí ìta bí Abibat bá fẹ́ kírun. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò lọ. Àwọn ọmọ tó yí i ká ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni ń mumi. Òun a kọ́kọ́ tò ó nínú ọkàn kó tó sọ ọ́.

Ní Fẹ́búárì, olùkọ́ ìtàn, òyìnbó kan tí kì í rẹ́rìn-ín, fún un ní méjìdínlọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún. Abibat fi ìwé náà sábẹ́ ìrọ̀rí fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, ó kọ̀wé sí Ìbíadé, ó sọ iye tó gbà.

Zechariah ló bá Bùsúyì kọ èsì: "Màmá ní àwọn gbọ́. Wọ́n ní ṣé o ti bi olùkọ́ náà léèrè ibi tí o ti ṣìnà? Wọ́n ní àwọn ò tíì sùn dáadáa."

Abibat kò bi í rí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà òyìnbó náà fún ìgbà pípẹ́ kó tó kanlẹ̀kùn. Òyìnbó fi àga hàn án, ó mú ìwé rẹ̀, ó sì ń fi gègé tọ́ka sí ibi kọ̀ọ̀kan. Abibat padà lọ bá a lọ́sẹ̀ kejì, àti lọ́sẹ̀ kẹta.

Nígbà tí wọ́n lẹ èsì ìdánwò ọdún kìíní mọ́ ògiri ní Júùnù, Abibat kò lè lọ wò ó. Olúrẹ̀mí ló sáré lọ.

"Orúkọ rẹ wà níbẹ̀, Abibat. O yege."

"Jọ̀ọ́, padà lọ wò ó."

Olúrẹ̀mí tún lọ, ó tún padà dé. Ọ̀kan náà ni. Abibat kọ lẹ́tà kékeré kan sí Ìbíadé, òmíràn sí Ìjẹ̀bú-Igbó, ó fi wọ́n ránṣẹ́. Ó ku ọdún méjì, ó mọ̀. Lẹ́yìn náà ló fi ẹ̀yìn lélẹ̀ ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀, ó sì sùn títí oòrùn fi ń lọ sílé. Nígbà tí kò jí, Olúrẹ̀mí fi ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, ó rò pé ibà ni. Kì í ṣe ibà. Ó kàn ń sùn ni.