Yàrá Màmá Lórí Òkè

Àdán ti kún àjà ilé wa n'Ígbògbò. Òórùn ìgbẹ́ wọn ló jí mi láàárọ̀ yìí. Ó rán mi létí ọ̀sán tí ìyá ìyá mi fà mí gun òkè, lọ sí ìlú àtijọ́ tí gbogbo wọn ti kó kúrò lọ sísàlẹ̀.

Ìgbẹ́ àdán bo ilẹ̀ yàrá rẹ̀, aáyán ń rìn nínú rẹ̀. Ọwọ́ lásán ni Màmá fi kó o. Ó tú mọ́ínmọ́ín méjì, ó gbé ọ̀kan sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó na èkejì sí mi.

"Màmá, ó ń rí mi lára. Ẹ jẹ́ ká jẹun níta."

"Jókòó síbẹ̀!"

Mo tutọ́ sílẹ̀. Ó gbá mi létí, ó ṣí gèlè, ó fi nu itọ́ náà.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé inú yàrá yẹn ni wọ́n sin ọkọ rẹ̀ sí.