Ohùn Kan Ló Kù Lẹ́nu Ọ̀nà Wa

Mo ti búra pé màá bá àwọn ìyá ajíhìnrere wọ̀nyẹn jà lónìí.

Àwọn arúgbó méjì ni, aláṣọ funfun, l'Ókukù níbí. Àràárọ̀ ni wọ́n ń fi agogo jí wa, kí wọ́n tó gbé ẹ̀kọ lọ fáwọn aláìsàn.

Ìyá Dọ́káàsì á ké pé, "Ẹ ronú pìwà dà!"
Ìyá Rúùtù á dáhùn pé, "Jésù ń bọ̀!"

Mo jáde tìbínú-tìbínú. Ìyá Dọ́káàsì nìkan ni mo bá.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ìkejì yín dà?"

"A sin ín lánàá, ọmọ mi."

Wọ́n lu agogo, wọ́n ké, wọ́n wá dákẹ́, wọ́n ń dúró de èsì bí wọ́n ṣe máa ń ṣe.

Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Èmi tí mo fẹ́ jà ni mo pariwo, "Jésù ń bọ̀!"

Mùsùlùmí ni mí o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará àdúgbò, ta ló máa bá mi dá wọn lóhùn lọ́la?